Níbo ni Jòjòló Yóò Ti Rìn?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọmọ, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lọ́wọ́. Mo kí ọkọ rẹ náà kú ìnáwó, kú àìsùn. Níbi tí ẹ wà yẹn, ire ni yóò máa béèrè ọ̀nà ilé yín, ibi kò ní mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kò ní ṣìnà, ẹ kò ní ṣi ọkọ̀ wọ̀, ẹ kò ní ṣe àgbákò. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ nílé kò sì ní di ẹrù sí yín lọ́rùn ju bí a ṣe wà yìí lọ. Àmín. Tèmi, ara le, mo ń jẹun, mo ń sùn, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ ti pákó fún ogójì ọdún, kò yẹ kó máa bá orúnkún jà.

Ilé dára. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò lọ́dún tó kọjá, mo ti gun orí rẹ̀ lọ tún un ṣe. Má bínú pé mo gùn ún, mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, ìyẹn obìnrin tó rán aṣọ ilé ìwé rẹ láti kíláàsì kìíní títí o fi jáde, ó ní kí n kí ọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí nínú oṣù kan náà pẹ̀lú Jòjòló wa ti ń sáré kiri báyìí, Kòdúró là ń pè é, bí èèyàn bá ń wá pẹ́ńsù tàbí ìṣó tàbí bàtà ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ Kòdúró ni kó kọ́kọ́ wò. N kò sọ ìyẹn láti fi ọmọ wé ọmọ o. Ìka kò dọ́gba. Ìròyìn ilé ni mò ń fún ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún lọ jókòó kà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ibì kan wà nínú rẹ̀ tí yíǹkì ti tàn kálẹ̀, mo sì mọ̀ pé omijé ló kán sí i, kì í ṣe òjò. O ní Jòjòló ti pé ọdún kan ó lé oṣù mẹ́ta, kò sì tíì rìn. O ní nọ́ọ̀sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹsẹ̀ dá ṣáká, egungun le, àyè ni ọmọ kò rí. Ó ní kí ẹ wá ibi tó fẹ̀ fún un lábẹ́ òrùlé, torí òjò kò dá mọ́, ìta yín sì kún fún ọkọ̀, kí ọmọ lè máa rìn káàkiri kó sì máa ṣeré. O ní bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ nínú yàrá yín, ìṣísẹ̀ méjì péré tó bá fi ọwọ́ di nǹkan mú rìn, ó ti kan igi, á jókòó, á sì na ọwọ́ sókè pé kí ẹ gbé òun. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń nà sókè yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa.

Mo ti gbé gbogbo ibi tí o ní ẹ ti gbé ọmọ lọ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín, o ní obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi gbá àjà pé ẹ ń lu ilẹ̀ lé òun lórí. Ọmọ tí kò wúwo tó òòlù mi! Ṣùgbọ́n ti ilé ìtajà ńlá yẹn, ìwọ lo ṣi ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ lóye. O ní bí ẹ ṣe gbé ọmọ kalẹ̀ kó máa di ẹsẹ̀ pẹpẹ ọjà mú rìn, ẹ̀ṣọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé yín lẹ́yìn láti ibi ọṣẹ dé ibi bísíkíìtì, kò gbójú kúrò lára yín. Kí ló wá ń bí ọ nínú níbẹ̀? Mo ti ń rò pé àwọn ará ìgboro kì í ṣàánú ara wọn, àṣé géńdé ọkùnrin lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti báńkì ló wú mi lórí jù. O ní ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó gbòòrò, ẹ máa ń gba nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó jókòó, Jòjòló á máa di àga mú rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà yín, ẹ ó tún lọ gba òmíràn. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ ọmọ mi ní nọ́ńbà ní báńkì, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Bíríkìlà òdìkejì wa, tí kì í kí èèyàn, ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí. Ó ní kí n bá òun bẹ Jòjòló kó bá òun wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó kan. Mo ní n ó fi tó ọ létí, mo sì ti fi tó ọ létí.

Èyí tó dà mí láàmú ni ilé eré abẹ́ òrùlé tí o ní ẹ padà rí. O ní wọ́n tẹ́ tìmùtìmù láti ògiri dé ògiri, wọ́n kó bọ́ọ̀lù rọ́bà kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú kòtò kan, àwọn ọmọ ń rì sínú rẹ̀, wọ́n tún ń yọ. O ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ń gba owó, ẹ ó bọ́ bàtà, dandan sì ni ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí o kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, kí o kọ ẹni tí wọn yóò ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí o sì fọwọ́ sí i pé bí ọmọ bá farapa, ẹ kò ní bá wọn ṣẹjọ́. Ọmọ mi, bí o bá ń tan ara rẹ, má tan èmi. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́tàlá ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo sì mọ ìwé ìkọ́ṣẹ́ bí mo bá rí i. Òbí á sanwó, òbí á fọwọ́ sí i, oníduùró á kọ orúkọ, a ó sì sọ fún wọn pé bí ayùn bá gé ọmọ lọ́wọ́, ọ̀gá kò lẹ́jọ́. Kí ló dé tí ẹ fi ọmọ tí kò tíì lè dá dúró sẹ́nu iṣẹ́? Iṣẹ́ wo ni, ọdún mélòó ni yóò lò níbẹ̀, ta ni yóò sì máa fún un lóúnjẹ ọ̀sán? Mo bi télọ̀, òun náà ní kò sí iṣẹ́ tí òun mọ̀ tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù kọ́ àfi iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ìyẹn sì nílò ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà lo tún kọ ọ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́yìn ọwọ́ kí ẹ tó wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti dìde dúró. Igi gẹdú ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lára, kí àwọn aṣọ́gbó lè mọ̀ pé wọ́n ti sanwó rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbé e kọjá. Bí wọ́n bá sì ti lu òǹtẹ̀ sí igi, igi kì í padà sígbó mọ́. Jọ̀wọ́, fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ọwọ́ ọmọ náà dáadáa, kí wọ́n má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé.

Bí mo ṣe ń kà á ni ọkàn mi ń padà sẹ́yìn. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni ìwọ alára ti kọ́ ìrìn. O kò lè mọ̀, torí ẹni tó ń kọ́ ìrìn kì í rántí. Òjò pọ̀ lọ́dún náà bíi ti èyí, yàrá wa kan ṣoṣo kún fún ẹrù, ìyá rẹ á gbé ọ wá bá mi láàárọ̀, á ní kí n gba ọmọ mi, òun fẹ́ gbálẹ̀ ilé. Irọ́ ni, oorun ló fẹ́ sùn. N ó ṣa gbogbo ìṣó nílẹ̀, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn kí n má baà fo ẹyọ kan, n ó wá da èérún pákó tí ìfági bọ́ sílẹ̀ káàkiri títí yóò fi rọ̀. O máa ń di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú, o máa ń yí i po, o máa ń dá bẹ́ǹṣì lóhùn bí ẹni pé ó bá ọ sọ̀rọ̀. Bẹ́ǹṣì náà wà síbẹ̀, ibi tí o fi eyín rẹ méjì àkọ́kọ́ gé jẹ lára rẹ̀ náà wà síbẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù nígbà náà, kò sí ìbọ̀sẹ̀. Òórùn pákó tuntun ló gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tí o fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ayùn ni mò ń pọ́n, mo kàn gbọ́ tí èérún pákó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn mi, kí n tó bojú wẹ̀yìn, o ti dì mọ́ ṣòkòtò mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Mo ké sí ìyá rẹ, ó sáré dé pẹ̀lú ìrọ̀rí lọ́wọ́, o kò sì rìn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Títí ó fi kú ló máa ń sọ fún mi pé èmi nìkan ni mo jẹ ìgbádùn ọjọ́ yẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀. Nígbà tí o wá pè mí lórí fóònù aláwòrán yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, tí èèyàn fi ń rí èèyàn, o lè ti máa ṣe kàyéfì ohun tí mò ń ṣe. Mo fi fóònù há ẹnu irin tí mo fi ń di pákó mú létí bẹ́ǹṣì, mo rọra fún un, kí n má baà fún ìwọ náà lọ́rùn. Mo ní kí télọ̀ má dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó má baà dí yín lọ́nà. Nígbà tí mo ní kí o fi fóònù yí yàrá yín ká kí n rí i, tí o bi mí pé kí ni mò ń ṣe, tí mo ní kí o má mira, tépù ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wọn yàrá yín lójú gíláàsì ni. Ínṣì méjì àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní abájọ, ta ni yóò rìn nínú ínṣì méjì àti ààbọ̀?

Télọ̀ ló là mí lójú. Ó ní bóyá fóònù ló sún un kì, bí aṣọ ṣe máa ń sún kì bí wọ́n bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá mọ ìwọ̀n ohun kan ṣoṣo nínú yàrá náà ní tòótọ́, a ó mọ ìwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ bí ẹní mọ owó, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onílẹ̀kùn mẹ́ta tí mo kàn fún ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ. Ẹsẹ̀ bàtà méje ni ìbú rẹ̀. Lójú fóònù, kò pé ínṣì méjì. Mo ṣírò rẹ̀ sára pákó, ó yé mi pé yàrá yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Ni mo bá gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa yàrá yín síbẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ibi ilẹ̀kùn, ibi fèrèsé. Mo to pákó bíi bẹ́ẹ̀dì yín, mo fi àga ṣe tábìlì, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi méjèèjì sí ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà. A wá gbé Kòdúró sí àárín. Kòdúró, ọmọ tí kì í gbójú kan! Ó rìn ìṣísẹ̀ méjì, ó kan bẹ́ẹ̀dì. Ó yí padà, ó rìn ìṣísẹ̀ méjì, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dúró, ó wò mí lójú, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ sókè. Télọ̀ pariwo pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti mọ ìrìn rìn, kò jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sún bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, kò tó. Mo gbé tábìlì kúrò, kò tó. Ọwọ́ mi kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àpótí méjèèjì yẹn, télọ̀ sì ń wò mí. Nígbà tí mo wá tì wọ́n síta, Kòdúró dìde fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí po, ó sì gbé pẹ́ńsù mi lọ.

Mo jókòó sórí àpótí. Ọmọ mi, kọ́bọ́ọ̀dù mi ló gba ilẹ̀ mọ́ ọmọ yín lẹ́sẹ̀. Mo wá rántí pé nígbà tí fóònù yí dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ rẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, o ṣẹ́jú sí i, ó sì pa ẹnu mọ́. Ṣé ohun tó ti wà níbẹ̀ nìyẹn? O ń ru ọmọ kiri ìgboro nínú òjò, láti báńkì dé ilé bọ́ọ̀lù, torí pé o kò fẹ́ kí n gbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti pọ̀ jù fún yàrá yín.

Ìyá rẹ sọ ọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni pákó tí mo fi kan kọ́bọ́ọ̀dù náà ti gbẹ fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló máa ń yí i padà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan kó má baà ká kò. Lọ́jọ́ tí mo kàn án tán, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní ó dára púpọ̀, ó wá ní ṣé inú rẹ̀ ni tọkọtaya náà yóò máa gbé ni? Inú bí mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò ní gbé àpótí kékeré wọ ilé ọkọ. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá yín mọ̀ pé o ní bàbá. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tí télọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ, mo sọ ọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù pé ìyá rẹ ló jàre, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́. Ó dùn mí gan-an.

Torí náà, tú u. Èmi tí mo kàn án ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìṣó nínú rẹ̀, igi ṣóńṣó ni mo fi há gbogbo oríkèé rẹ̀. Kí ọkọ rẹ fi òòlù kékeré lù wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò wó lé e lórí, n kò sì fẹ́ kí àna mi kú sábẹ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ẹ to pákó rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá dé, n ó fi kan kékeré tí a ó gbé kọ́ ara ògiri lókè, kí ilẹ̀ lè kù fún ẹni tó ni ín. O ó rí i pé mo pa ìlà kan rẹ́ níhìn-ín. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé. Mo pa á rẹ́, torí ọmọ tó ti ṣe tán láti dìde kò yẹ kó máa dúró de bàbá àgbà.

Owó ọkọ̀ ni mo wá ń tọrọ báyìí, ti àlọ nìkan náà tó, ẹ ó mọ bí ẹ ó ṣe lé mi padà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀. Èyí tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù lọ́jọ́sí, fóònù já sínú garawa omi kí n tó lọ gbà á, odindi ọjọ́ kan ni mo fi sá a sóòrùn kí owó inú rẹ̀ lè gbẹ. Obìnrin tó ń san owó inú fóònù fún wa ládùúgbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó gbígbẹ ló kà fún mi, torí náà mo mọ ohun tí mo ṣe. Fi ìbọ̀sẹ̀ kan kún un fún èmi náà. Mo fẹ́ dé ilé bọ́ọ̀lù yẹn, kí n bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbà sí àgbà nípa ọjọ́ tí yóò tú ọmọ wa sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ Jòjòló yóò mú ilẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ náà bá gbé e dé, wọn yóò fún un ní àga. Kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, kò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì fi ojú yín rí i tí yóò máa rìn lọ, tí yóò máa rìn bọ̀. Ìwọ tí o fẹ́ràn mi débi pé o fi ilẹ̀ yàrá rẹ san án, ọmọ rẹ yóò fẹ́ràn rẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò máa sọ òótọ́ fún ọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bó bá ti rìn kí n tó dé, inú mi yóò dùn, ẹ ṣáà má sọ ọ́ fún mi. Kí ọkọ rẹ náà pa á mọ́ra. Bí mo bá wọlé, ẹ gbé e sídìí ògiri lọ́hùn-ún, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ pariwo bí ẹni tí kò rí i rí, kó wá máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.